Òfin Bàálù àti Lísìti Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí ojú ewé yìí, ẹ mọ̀ pé n kì í sábà sọ̀rọ̀. Mo máa ń ka tiyín, mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi tó bá pani lẹ́rìn-ín, mo sì máa ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ti jókòó sí mi láyà láti oṣù mélòó kan, mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú yín lónìí. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ òfin bàálù ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí pé kí ló kan àgbẹ̀ Kétu nínú òfin bàálù. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀ nígbà kan. N kò wọ bàálù rí láyé mi. Èyí tó ń kọjá lókè nìkan ni mo mọ̀, tí ariwo rẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí. Abúlé wa wà láàárín Kétu àti Odomẹ̀ta, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbin igi náà, ní ọdún tí mo gbé e wọlé. Ó jẹ àgbálùmọ̀ tán, ó fi gìgísẹ̀ tẹ hóró rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ilẹ̀ wa yóò gba òun. Ilẹ̀ náà gbà á. Igi ọ̀hún ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ.

Ẹ rántí igi yẹn.

Lẹ́yìn abúlé wa, pápá bàálù kan wà. Ẹ má rò pé irú ti Kútọnu ni! Ilẹ̀ gbọọrọ kan ni, koríko ló bò ó. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé, bàálù kékeré kan máa ń bà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò já oògùn sílẹ̀, yóò sì lọ. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Màlúù ló ń jẹ̀ níbẹ̀ báyìí. A kò kọ́lé sí i, a kò dáko sí i, ṣùgbọ́n àwọn igi tó yí i ká ń dàgbà lọ ní tiwọn, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n má dàgbà.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún yín báyìí. Bónífásì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ń pè é ní Mẹ́tìrì, bí a ṣe máa ń pe tíṣà lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ ni wá. Kànga kan náà la jọ ń pọn omi rẹ̀. Òun lọ sílé ìwé, èmi kò lọ, nítorí bàbá mi nílò ọwọ́ mi lóko ju bí ilé ìwé ṣe nílò orí mi lọ.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, n kò tíì mọ orúkọ ara mi bí mo bá rí i lórí ìwé. Mẹ́tìrì ló pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n máa wá sọ́dọ̀ òun ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ẹfun sí mi lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì tì í títí tí mo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà la fi ṣe é. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo gba sẹtifíkà, òun ló kọ́kọ́ sunkún, kì í ṣe èmi.

Láti ọjọ́ tó ti fi ẹfun sí mi lọ́wọ́ ni èmi pẹ̀lú ti ń pè é ní Mẹ́tìrì. Àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kàwé fún abúlé nìyẹn. Ìwé láti mẹ̀rí tí í ṣe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn, lẹ́tà ọmọ tó wà ní Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé. Mẹ́tìrì ní tirẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó lọ ń bá dẹpitẹ́ kan, ìyẹn aṣòfin, ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbi tí ilé aṣòfin wa wà. Àwọn ìwé tí àwọn dẹpitẹ́ máa ń jíròrò lé lórí kí wọ́n tó dìbò fún òfin, òun wà lára àwọn tó ń bá wọn tò ó.

Ó dé lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́, ó kó ìdì ìwé kan fún mi. Ó ní wọ́n fẹ́ tún gbogbo òfin bàálù orílẹ̀-èdè yìí ṣe, ó sì ní kí n kà á, kí n sọ ohun tí mo bá rí. Èmi! Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo gbóríyìn fún òfin náà, n kò ní purọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ dára. Ibi tí mo ti rí ìṣòro ni ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn pápá kéékèèké. Wọ́n ní gbogbo wọn ni a óò tún là, kí bàálù tó bá wà nínú ewu àti èyí tó ń gbé aláìsàn lè rí ibi bà sí. Nítorí náà, igi tó bá ga ju ìwọ̀n kan lọ ní àyíká wọn, gígé ni.

Mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo wo ojú fèrèsé. Àgbálùmọ̀ Àṣàkẹ́ ni ojú mi bá.

N kò bínú. Mo mọ̀ pé bàálù kò lè gba àárín ẹ̀ka igi kọjá. Ohun tó dùn mí ni pé kò síbì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti ní kí wọ́n bi onígi. Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́ orí igi kan dípò kí wọ́n gé e nídìí? Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n yí ẹnu pápá náà díẹ̀ síhà ọ̀nà Kpankou, níbi tí kò sí igi? Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló lè sọ èyí.

Mo kọ gbólóhùn kan. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó wí nìyí: wọn kò gbọdọ̀ gé igi kan, wọn kò sì gbọdọ̀ wó ilé kan, láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ní láti sọ.

Nígbà tí Mẹ́tìrì padà wá tí mo fi hàn án, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní, "Akànbí, gbólóhùn yìí yóò wọ inú òfin Bẹ̀nẹ̀. Bó ṣe wà yìí ni. N kò ní fọwọ́ kan án."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Gbólóhùn ọwọ́ mi, nínú òfin orílẹ̀-èdè! Mo lọ dúró sídìí àgbálùmọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wà níbẹ̀. N kò lè ṣe kí n má sọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni Mẹ́tìrì pe abúlé sí ìpàdé lórí òfin náà, lábẹ́ àtíbàbà tó wà níwájú ilé baálẹ̀. Ìwé ìpàdé ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí o, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá pe ìpàdé, ohun àkọ́kọ́ tó ń yí ká ni lísìti orúkọ àwọn tó wá. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ìparí, torí ní ìparí oúnjẹ ti dé, kálukú ti dìde. Mo máa ń kọ orúkọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ a fọwọ́ sí i, àwọn àgbà a tẹ̀ka. Ọ̀wọ̀ ni a kà á sí. Ẹni tó bá wá tí kò tẹ̀ka, bí ẹni pé ó wọlé kò kí àlejò ni. Kódà ẹni tí kò lè wá yóò ránṣẹ́ pé, "Ẹ kọ orúkọ mi sí i o, kí wọ́n má sọ pé mi ò ka àlejò sí." A óò sì kọ ọ́. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn kí n tó mọ̀wé, mo sì ń bá a lọ.

Mẹ́tìrì kó ìwé funfun fún mi, ó ní èmi ni kí n kọ ọ́, pé ọwọ́ mi dára ju tòun lọ báyìí. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni kí n kọ sórí rẹ̀. Ó ní kí n fi òkè rẹ̀ sílẹ̀, pé wọn yóò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sí i ní ọ́fíìsì kó lè dára lójú. Mo fi ààyè ìka mẹ́ta sílẹ̀. Mo rántí dáadáa, torí mo fi ìka wọ̀n ọ́n.

Ó sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó ní àwọn olùyẹ̀wò ti wá láti òkèèrè, wọ́n sì rí i pé ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan náà tó ń bójú tó pápá ló tún ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ó fi ọjà Kétu ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ó ní bí ẹni tó ń ta àgbàdo bá tún ni ẹni tí wọ́n ní kó máa yẹ òṣùwọ̀n wò, ta ni yóò gbà á gbọ́? Gbogbo àwọn obìnrin ọjà mi orí. Ó ní òfin tuntun yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwọn ará ìta yóò sì fọkàn tán òfuurufú wa. Bàbá àgbà kan bi í bóyá bàálù yóò máa dúró gba èrò ní ìkòríta bíi takisí. Ẹlòmíràn dáhùn pé kí Bàbá kọ́kọ́ san owó sẹ́mijàn, ọ̀kadà tó gbé wọn wá. Ẹ̀rín pa wá.

Nígbà tó yá, ó kan ọ̀rọ̀ igi. Mẹ́tìrì ní kí ọkàn wa balẹ̀. Ó ka gbólóhùn mi sókè, ó tú u sí èdè wa, ó sì nawọ́ sí mi. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé igi kan, wọn yóò kọ́kọ́ wá jókòó síbi tí a jókòó sí yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

Ìyá Délé kò sí níbẹ̀. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ní igi irúgbá mẹ́rin létí pápá, èyí tó ń fi ṣe irú tó ń jẹ. Ó ń se irú lọ́jọ́ náà, kò lè fi iná sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé kí n má yọ òun sílẹ̀. Mo gbé lísìti àti agolo tàdáwà lọ bá a nílé. Ó nu èérí irú nù lára ọwọ́, ó na ìka sí mi. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mo tẹ̀ ẹ́ sí iwájú orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Mẹ́tìrì ṣe di tèmi mú nígbà kan.

Kò bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Èmi náà kò sì sọ fún un, torí mo ń kánjú, Mẹ́tìrì ti fẹ́ máa lọ.

Oṣù díẹ̀ kọjá. A gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti dìbò fún òfin náà. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Mẹ́tìrì lórí fóònù, mo bi í bóyá gbólóhùn mi wà níbẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ohun tó o fẹ́ ti wà níbẹ̀, má yọ ara rẹ lẹ́nu." Ó fi àwòrán àtàǹpàkò kan tẹ̀ lé e.

Mo gbà á gbọ́. Kí ni kò ní jẹ́ kí n gbà á gbọ́?

Àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún yìí, mo ti oko dé, mo rí ọ̀dà pupa lára àgbálùmọ̀ Àṣàkẹ́. Àmì àgbélébùú ni wọ́n fà sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń ṣeré ni. Mo rìn dé etí pápá, mo bá ti Ìyá Délé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti sàmì sí wọn. Igi tíìkì baálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Obìnrin jeomẹ́tà kan ló kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, tó ń wọn ilẹ̀. Ọmọlúwàbí ni, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo sọ fún un pé ó dà bíi pé wọ́n ṣì ọ̀nà, torí òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tiwa. Ó wò mí bí ẹni tí kò lóye ohun tí mò ń sọ.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti gbọ́ tiyín. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa."

Ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó yọ ẹ̀dà ìwé kan fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ ara mi ni mo rí. Bí mo ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà gùn, bí Mẹ́tìrì ṣe kọ́ mi. Orúkọ baálẹ̀. Orúkọ tèmi. Ìka Ìyá Délé, tó wọ́ díẹ̀. Lókè, nínú ààyè ìka mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ará abúlé tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lórí gígé igi, tí wọn kò sì lòdì sí i.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wù mí pé kí n má mọ̀wé.

Mo bi jeomẹ́tà bóyá ó ní ìwé òfin náà lọ́wọ́. Ó ní in. Mo wá ibẹ̀. Gbólóhùn mi kò sí. Mo wá a níwájú, mo wá a lẹ́yìn. Kò sí.

Ní ọjọ́ kejì mo gun sẹ́mijàn dé Kétu, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Inú Mẹ́tìrì dùn láti rí mi. Ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Ó béèrè Rúfínì, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kútọnu. Mo jẹ́ kó parí ìkíni. Mo gbé ẹ̀dà lísìti náà sórí tábìlì rẹ̀.

Ó wò ó. Kò sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, kò purọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ṣàlàyé pé àkókò ti fẹ́ tán fún wọn, àwọn dẹpitẹ́ ní láti dìbò kí ìjókòó wọn tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á ṣòfò. Gbólóhùn tèmi dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan ní yóò sọ gbogbo pápá di ẹjọ́. Nígbà náà ni wọ́n bi í bóyá àwọn ará abúlé kan tilẹ̀ ti sọ nǹkan kan. Ó yọ lísìti jáde. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, a jẹ́ pé gbólóhùn náà kò wúlò mọ́.

Ẹ jẹ́ kó yé yín yékéyéké o. Lísìti tí mo kọ ni wọ́n fi yọ gbólóhùn tí mo kọ.

Mo bi í pé, "Ṣé o sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé gbígbọ́ náà nìyẹn?"

Ó ní, "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ àròyé. Mo mọ̀ yín. Òfin tó dára ni, Akànbí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní Ìyá Délé kò tilẹ̀ sí ní ìpàdé. Mo ní kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó wò mí. Ó ní, "Ta ló wá kọ orúkọ rẹ̀?"

Èmi ni mo kọ ọ́. Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ?

Bóyá ó rí i lójú mi, torí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó sún mọ́ mi. Ó ní òun mọ ohun tí àgbálùmọ̀ yẹn jẹ́ fún mi, òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin Àṣàkẹ́. Ó ní òun lè bá ẹni tó ni iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n rẹ́ orí rẹ̀ nìkan, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Igi kan ṣoṣo kò ní dí bàálù lọ́wọ́. Mo bi í nípa irúgbá Ìyá Délé àti tíìkì baálẹ̀. Ó mi orí. Ó ní ti igi kan ni agbára òun mọ.

Mo fẹ́ gbà. N kò ní fi í pamọ́ fún yín. Mo rí igi náà níwájú mi, mo rí gìgísẹ̀ Àṣàkẹ́. Ẹnu mi ti ṣí.

Nígbà náà ni mo rò ó bí yóò ṣe rí. Gbogbo igi wó lulẹ̀, tèmi nìkan dúró, lísìti sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi. Tí mo bá jókòó sábẹ́ rẹ̀, kí ni Ìyá Délé yóò rí bó bá ń kọjá?

Mo dìde. Mo ní, "Ó dàbọ̀, Bónífásì."

Ó ti lé ní ogún ọdún tí n kò ti pe orúkọ yẹn. Ó gbọ́ ọ. Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n gé igi náà ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ tó ń ké bí ọ̀kadà ni wọ́n fi gé e, kò sì pẹ́ rárá. Mo sọ fún wọn ibi tí sàréè wà, wọ́n sì fi okùn fà á kí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí ti Ìyá Délé.

Mo ti pe gbogbo abúlé ṣáájú ọjọ́ náà, mo sì ti ṣàlàyé. Mo ka ohun tó wà lókè lísìti fún wọn, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo sọ pé èmi ni mo fi ààyè sílẹ̀. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan ní ó ní ohun tí Mẹ́tìrì fún mi. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé ti ẹ̀yìn ilé mi ni wọ́n kọ́kọ́ gé, wọn kò sọ ìyẹn mọ́. Baálẹ̀ kọ ìwé lọ sí mẹ̀rí, èmi ni mo bá a kọ ọ́. A ṣì ń retí èsì.

Ìyá Délé ní tirẹ̀ kò bú mi. Ó tọ̀ mí wá ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó sórí kùkùté àgbálùmọ̀. Ó na ìka rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo tà wá, Akànbí. Ṣùgbọ́n ìka mi yìí, mi ò ní gbé e lé ẹ lọ́wọ́ mọ́."

Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ ìró rẹ̀, bí ẹni pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Igi lè hù. Mo ti rí ọ̀mùnú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà, n kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi jẹ́ ẹni tí àwọn àgbà ń na ìka sí láìbéèrè nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí àbẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Bí a ti ń ṣe, wọ́n kó ìwé funfun fún mi. Kí n tó kọ orúkọ kankan, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sókè gan-an, mo fi kún ojú ìlà títí dé etí ìwé kí ààyè má ṣẹ́ kù: "A wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí àbẹ́rẹ́ ni. A kò tíì fèsì." Mo kà á sókè. Nọ́ọ̀sì tó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí irú èyí rí. Mo ní kó má bínú.

Nígbà tó kan Ìyá Délé, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní kí ìyẹn náà kà á, kí òun mọ̀ bóyá bákan náà ni. Nọ́ọ̀sì kà á. Bákan náà ni.

Ó yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ ìró. Ó ti ìka bọ tàdáwà fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fúnra rẹ̀. Kò tọ́ rárá, ó bọ́ sórí orúkọ ẹlòmíràn. Èmi kàn di agolo tàdáwà mú ni.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ má fi òkè ìwé sílẹ̀ lófìfo nítorí ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Òfin lè dára, kí ẹni tó gbé e wá sọ́dọ̀ yín má sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Bí o bá sì ń kọ orúkọ ẹlòmíràn, kọ́kọ́ sọ ohun tó o ń kọ ọ́ sí fún un, ì báà jẹ́ pé iná ń jó irú lórí ààrò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti bá orúkọ yín pàdé rí lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ? Ta ló gbé ìwé náà wá fún yín, ṣé ẹ sì ṣì ń kí ara yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. N kò lè ṣèlérí pé n óò fèsì fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n n óò kà á, gbogbo rẹ̀. Bónífásì ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, n kò sì mọ bí mo ṣe lè dá ìyẹn padà fún un.